Ìsoríkọ́ Obìnrin Kì Í Ṣe Ohun Àmúmọ́ra

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ọmọ inú ilé, ohun kan wà tí a fi ń yin obìnrin tí ó yẹ kí a tún gbé yẹ̀ wò. A máa ń sọ pé ìyá rere ni ẹni tí ó lè mú nǹkan mọ́ra: bí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, kí ó nu ojú rẹ̀ nù, kí ó sì padà sí ìdí àtẹ. Ìfaradà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbànújẹ́ bá ti di ìsoríkọ́, kí a ní kí obìnrin mú un mọ́ra kì í ṣe ìyìn mọ́. Ewu ni.

Ìsoríkọ́ kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan. Òun ni pé kí inú ènìyàn bàjẹ́, tàbí kí ohun tí ó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ ọn mọ́, fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí oorun, oúnjẹ àti okun rẹ̀ sì yí padà. Obìnrin lè má sọ pé inú òun bàjẹ́. Ó lè sọ pé orí òun ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn lára òun. Àwọn kan ní àìsàn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1961, Dókítà T. A. Lambo ti Ilé Ìwòsàn Àrò àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta. Ìwé wọn ti 1963 fi hàn pé àwọn àmì ìsoríkọ́ wà láàrin àwa Yorùbá.

Orúkọ kan náà, ọkàn, ni a fi ń pe ibi tí ìrònú ń gbé àti ẹ̀yà ara tí ń tú ẹ̀jẹ̀ ká. Àwọn méjèèjì kò jìnnà síra. Bí ìrònú bá pẹ́ lára, ara a máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ọkàn yára lù, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ru. Oorun a dínkù. Ẹsẹ̀ a wúwo láti rìn. A ó gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iṣan ẹ̀jẹ̀ a bàjẹ́. Ìwádìí INTERHEART, tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè 52 tí a sì tẹ̀ jáde ní 2004, ka ìsoríkọ́ àti wàhálà ilé òun iṣẹ́ mọ́ ohun tí ó bá ìkọlù ọkàn rìn, lọ́dọ̀ ọkùnrin àti obìnrin. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìsoríkọ́ pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Ẹnìkan lè wí pé gbèsè ni ó fa ìbànújẹ́, oògùn kò sì lè san gbèsè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara líle ni a fi ń ṣiṣẹ́ san gbèsè. Àdúrà pẹ̀lú dára. Kí ó bá ìtọ́jú rìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ sọ bí ẹ ti ń sùn àti bí inú yín ti rí fún un. Ìsoríkọ́ ní ìtọ́jú: ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, àti oògùn tí dókítà bá kọ. Ẹ má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe wí pé, “Ìwọ nìkan kọ́.” Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru kí ó lè sùn.

Bí àyà bá ń dun obìnrin, tí kò lè mí dáadáa, tí òógùn tútù bò ó, tàbí tí ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n ń ro ó pẹ̀lú àárẹ̀ tí kò ní ìdí, ẹ má ṣe wí pé ìrònú lásán ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ mú un lọ bákan náà.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.