Òkú Ẹ̀rọ Géèmù Kan àti Ẹ̀sùn Méje

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó gbọ́ ẹjọ́ yìí, òkú ẹ̀rọ géèmù kan ló wà lórí tábìlì níwájú yín. Super Famicom ni, èyí tí Nintendo gbé jáde ní Japan lọ́dún 1990. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé imú sún mọ́ ihò ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí iná ń gbà wọlé. Ẹ ó gbọ́ òórùn kan bí ẹja tó ti rà: òórùn kàpásítọ̀ tó bẹ́ nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ohun tó pa á wà, páwà páàkì dúdú kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, tí lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ṣì ń dán. Àwọn èèyàn á ní ogbó ló pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n pa á ni. Àwọn tó lọ́wọ́ sí i pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ara wọn rí. N ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀sùn kìíní kan àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ṣe àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Lọ́dún 1983, Nintendo ṣe Famicom: iná DC fóòtì 10 ló ń jẹ, nẹ́gétífù sì wà láàárín ẹnu okùn. Nígbà tí wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1985 tí wọ́n pè é ní NES, AC fóòtì 9 ni wọ́n fún un. Ẹnu okùn méjèèjì bára mu rẹ́gí. NES ní ohun tó ń sọ AC di DC nínú ikùn rẹ̀. Famicom àti Super Famicom kò ní in. Ẹni tó bá ki páwà páàkì NES bọ Super Famicom kò ní rí ohunkóhun tó máa dá a dúró. Ó wọlé wẹ́rẹ́ ni, bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Super Famicom fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Super Nintendo lókè òkun, ńkọ́? DC fóòtì 10 ni ti Japan. DC fóòtì 10 náà ni ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹnu okùn rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni. AC fóòtì 9 ni ti Yúróòpù. Iléeṣẹ́ Sega náà kò sàn jù wọ́n lọ: Mega Drive àkọ́kọ́ ní nẹ́gétífù láàárín, èkejì ní pọ́sítífù láàárín. Ẹni tó bá sì ra Mega-CD àti 32X kún un, páwà páàkì mẹ́ta ni yóò tò sí ògiri nítorí géèmù kan ṣoṣo. Àkópọ̀ ẹ̀sùn yìí rèé: wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ tó jọra lé onílé lọ́wọ́, wọn kò sì sọ fún un pé òmíràn nínú wọn ń dáná sun ilé.

Ẹ̀sùn kejì kúrú, ṣùgbọ́n ó wúwo. Nígbà tí Super Famicom jáde ní Japan, kò sí páwà páàkì nínú páálí rẹ̀. Àyàfi kéèyàn lọ rà á lọ́tọ̀, tàbí kó lo ti Famicom tó ti ní nílé. Ní Japan ìgbà náà, ó mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í kú síbi tí wọ́n bí i sí. Ó di tòkunbọ̀, ó wọ kọ̀ǹténà, ó gúnlẹ̀ sí Àpápá, ìhòòhò ló sì gúnlẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bí i kò sì ṣe oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wọ̀nyí ti kó àtẹ wọn kúrò lọ́jà, wọ́n sì fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e. Ohun tí a ń pè ní ìkọ̀sílẹ̀ nìyẹn, kò ní orúkọ mìíràn.

Ẹ̀sùn kẹta kan páwà páàkì Commodore 64, kọ̀ǹpútà tó jáde lọ́dún 1982, tí ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ sí ẹ̀rọ géèmù ju kọ̀ǹpútà lọ. DC fóòtì 5 àti AC fóòtì 9 ló ń pèsè lẹ́ẹ̀kan náà. Fóòtì 5 yẹn ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn áísì ẹ̀rọ náà, kò sí ẹ̀ṣọ́ mìíràn lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ páwà páàkì wọ̀nyí ni wọ́n da ọ̀dà líle kún, tó gan bí òkúta, tó há ooru mọ́ inú, tí atúnṣe kankan kò sì lè ṣí. Nígbà tí rẹgulétọ̀ inú rẹ̀ bá rẹ̀, kì í kú jẹ́ẹ́ bí ọmọlúàbí. Ńṣe ni fóòtì 5 á máa gòkè, tí áísì ìrántí á sì máa kú ṣáájú. Ẹni tó ni ín kò ní mọ̀ títí ojú tẹlifíṣọ̀n yóò fi ṣókùnkùn, nígbà tí iná pupa ara ẹ̀rọ ṣì ń tàn bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Kí nǹkan bàjẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ká sin ìbàjẹ́ náà sínú òkúta kí ẹnikẹ́ni má lè tún un ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀sùn kẹrin wá sí ọ̀dọ̀ tiwa nílé. Fóòtì 100 ni iná Japan, 120 ni ti Amẹ́ríkà, 230 sí 240 ni tiwa, lọ́jọ́ tí NẸ́PÀ bá fara balẹ̀. Páwà páàkì Japan tó jẹ́ ojúlówó, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì ló ní, kò sì lè wọ ògiri wa. Sítẹ́ẹ̀pù-dáwùn tó ń dín fóòtì kù ló yẹ kó lọ bá. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó tà á fún wa mọ púlọ́ọ̀gì funfun kékeré kan tó ń gba ẹsẹ̀ gbogbo ayé, ó sì fi ṣe ẹ̀bùn fún oníbàárà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, kò ju ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ: tiransifọ́mà tó ń fúnni ní fóòtì 10 nígbà tó bá jẹ 100, tí a wá fún ní 240, bí 24 ni yóò máa pọ̀ jáde títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi jóná. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó kọ̀ láti wọ ògiri yẹn ni ẹ̀ṣọ́ ìkẹyìn tí ẹ̀rọ náà ní. Wọ́n fi ẹ̀bùn tí kò tó owó mọ́tò pa ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀sùn karùn-ún ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá lọ, nítorí ó ṣojú mi. Páwà páàkì dúdú tó wà lórí tábìlì yìí, ara lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: DC fóòtì 10, áńpíà 2. Mo fi mítà wò ó nígbà tí kò tíì gbé ẹrù kankan: 10.2. Mo dúpẹ́. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì géèmù Zelda bọ ẹ̀rọ, mo tàn án, mo sì tún fi mítà wò ó: 6.4. Áńpíà 2 tó ń fọ́nnu rẹ̀ kò lè gbé ìdajì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ áísì 7805 tó ń sọ iná di fóòtì 5 fún ẹ̀rọ náà ń fẹ́ tó fóòtì 7 kó tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí géèmù fi ń pa ara rẹ̀ tó sì ń tan ara rẹ̀ láàárín eré. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n bí èèrà. Bátìrì kékeré inú kásẹ́ẹ̀tì ló ń tọ́jú ibi tí èèyàn bá eré dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ń ṣe ségesège báyìí, gbogbo ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin tò jọ síbẹ̀ parẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, NẸ́PÀ gbé iná ńlá wá fún ìṣẹ́jú kan. Fìríìjì wa là á já. Super Famicom kò là á já.

Mo fi ọ̀bẹ ya páwà páàkì náà. Kò sí fíúsì. Ibi tí wọ́n ya kàpásítọ̀ tó yẹ kó ṣẹ́ ariwo iná sí lórí bọ́ọ̀dù, òfìfo ló wà. Ibi tó yẹ kí kọ́ìlì wà, wáyà ni wọ́n fi fò ó kọjá. Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ tó ń gba fóòtì 240 àti ẹ̀gbẹ́ tó lọ sí pádì tí ọmọdé ń dì mú kò tó ìdajì èékánná ọmọ náà. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe pé ó fúyẹ́ ni mo ń bá wí. Páwà páàkì òde òní tó fúyẹ́, tó sì dára ju ti àtijọ́ lọ, wà. Lébẹ́ẹ̀lì ni mo ń bá wí. Wọ́n tilẹ̀ tẹ àmì CE sí i lára, àmì tó yẹ kó fi hàn pé ohun èlò kò léwu. Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe àṣìṣe: wọ́n mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, wọ́n yàwòrán rẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, wọ́n sì jí i.

Ẹ̀sùn kẹfà kan ọmọkùnrin tó tà á fún mi àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ ti Super Famicom. Ó gbé méjì wá, dúdú yìí àti òmíràn tó ní bọ́tìnì tí wọ́n ń fà láti 3 dé 12, tí ẹnu okùn rẹ̀ ṣeé yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo géèmù ni wọ́n ń gbé. Ẹ ṣáà wá èyí tó bá wọlé."

"Ṣé a lè fi mítà wò ó?"

"Ẹ má da ara yín láàmú, ẹ̀gbọ́n. Ojoojúmọ́ là ń tà á."

"Bí kò bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

Kò fèsì. Ó fi àgbọ̀n nàka sí páálí tó wà lára ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ẹ wo oníbọ́tìnì yẹn dáadáa. Bí ọmọdé bá fi ìka fà á láti 9 sí 12, tàbí tí ẹnìkan bá yí ẹnu okùn náà sódì, pọ́sítífù di nẹ́gétífù, kò sí agogo tí yóò ró. Ọmọkùnrin náà kò purọ́ fún mi, kó lè purọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ òtítọ́. Àìmọ̀kan ló ń tà, ó ń gba owó ìmọ̀, ó sì ti kọ ìdáláre ara rẹ̀ sára ògiri kí n tó dé.

Ẹ̀sùn keje kan èmi, ó sì ṣeé ṣe kó kan ẹ̀yin náà tí ẹ ń dájọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ ibẹ̀. Mo ra ẹ̀rọ náà lówó iyebíye, mo ná owó lórí kásẹ́ẹ̀tì, mo ra pádì méjì. Nígbà tó kan ohun tí gbogbo rẹ̀ yóò máa mu, mo yan èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ. Mo rí 6.4 lójú mítà. Mo rí i pé ó ń pa ara rẹ̀. Mo tún tàn án. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fi tún un tàn. Ẹni tó mọ̀ tí kò jáwọ́, ẹlẹ́rìí kọ́, alájọṣe ni.

Agbẹjọ́rò wọn yóò dìde, yóò ní ọgbọ̀n ọdún kọjá lórí ẹ̀rọ náà, pé kàpásítọ̀ a máa gbẹ. Mo gbà. Ó ń gbẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá fún arúgbó ní májèlé tó sì kú, ta ni yóò kọ ogbó sí ìwé ikú rẹ̀? Wọn yóò tún ní èyí tó dára ṣòro láti rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kéèyàn wò kò ju mẹ́rin lọ: ṣé AC ni àbí DC; ṣé fóòtì rẹ̀ bá ti ẹ̀rọ mu; èwo ló wà láàárín ẹnu okùn; ṣé áńpíà rẹ̀ kò kéré sí ohun tí ẹ̀rọ ń fẹ́. Lẹ́yìn náà, kéèyàn fi mítà wò ó nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, torí ẹni tí kò gbé ẹrù, kò sí bí a ṣe lè mọ agbára rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Nínú gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù. Ní oṣù tó kọjá, mo rí ojúlówó páwà páàkì Famicom kan rà, tó ti gbó, tó wúwo bí ọmọ ọlọ. Mo gbé sítẹ́ẹ̀pù-dáwùn sábẹ́ rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n lábẹ́ ẹrù, kò yẹ̀. Lára rẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ ohun tí géèmù ń jẹ́, ohun gbogbo ló wà níbẹ̀: AC fóòtì 100 wọlé, DC fóòtì 10 jáde, mílíáńpíà 850. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín. Áńpíà 2 ni ayédèrú kọ sára tirẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, kí ẹ tó dájọ́.