Ẹ Má Ṣe Di Ẹ̀bi Ru Oòrùn



Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ kan ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ lórí ayé tí ń gbóná sí i. Apá kan ní èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí ọmọ ènìyàn ń sun ni ó fà á. Apá kejì ní oòrùn fúnra rẹ̀ ni, pé agbára rẹ̀ a máa pọ̀, a sì máa dín, àti pé bí ó bá dín, ayé yóò tutù padà. Ọ̀rọ̀ apá kejì yìí dùn létí àwọn kan nínú wa, pàápàá àwọn tí oúnjẹ òòjọ́ wọn ń ti inú kànga epo jáde. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti apá méjèèjì, kí a tó sọ èyí tí ó ṣe òṣìṣẹ́ ní àǹfààní.

Ohun tí a kà sí oòrùn lọ́rùn

Àwọn tí ó dárúkọ oòrùn kò sọ̀rọ̀ láìní ìpìlẹ̀. Oòrùn kì í dúró lójú kan. Láti nǹkan bí 1610 tí Galileo àti àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi awò wò ó ni a ti mọ̀ pé àmì dúdú máa ń hàn lójú rẹ̀. Heinrich Schwabe ará Jámánì fi ọ̀pọ̀ ọdún ka àwọn àmì náà, ó sì kéde ní 1844 pé wọn a máa pọ̀, wọn a sì máa dín, ní yíyí-po. Yíyí kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ọdún 11. Láàrin 1645 àti 1715, àwọn àmì náà ṣọ̀wọ́n gidigidi, àkókò náà sì bọ́ sínú sáà tí òtútù mú púpọ̀ ní Yúróòpù. Ní 1991, Eigil Friis-Christensen àti Knud Lassen, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Denmark, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó so gígùn yíyí oòrùn mọ́ ooru ayé. Láti ibẹ̀ ni ariyanjiyan náà ti gbilẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé

Bí agbanisíṣẹ́ bá ní owó kò wọlé, ẹgbẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá a jà lẹ́nu. Yóò ní kí ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe sí oòrùn.

Ìkíní, láti 1978 ni sátẹ́láìtì ti ń wọn agbára tí oòrùn ń rán sí wa. Ìyàtọ̀ láàrin ìgbà tí ó lágbára jù àti ìgbà tí ó rọ̀ jù nínú yíyí kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Lára owó oṣù 70,000 náírà tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún jẹ́ 70 náírà péré. Láti àwọn ọdún 1980, agbára oòrùn kò lọ sókè. Ìwádìí tí Mike Lockwood àti Claus Fröhlich tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé ńṣe ni ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ooru ayé ń gòkè.

Ìkejì, bí oòrùn bá ni ó ń fa ooru yìí, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbóná láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí a rí ni pé afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tí a ń mí ń gbóná, èyí tí ó ga lókè rẹ̀ sì ń tutù. Ó dà bí ẹni tí ó fi aṣọ nípọn bora: ooru há sábẹ́ aṣọ, òkè aṣọ sì tutù. Aṣọ náà ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ń jáde láti inú èédú, epo àti gáàsì. Svante Arrhenius ará Sweden ti ṣe ìṣirò iṣẹ́ rẹ̀ láti 1896. Kí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó gbòde, nǹkan bí 280 ni ó wà nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Ní 2024, ó ti ju 420 lọ.

Ìkẹta, ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀. Ní 2005, Galina Mashnich àti Vladimir Bashkirtsev, onímọ̀ oòrùn ará Rọ́ṣíà, bá James Annan, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Bìrìtìkó, ta tẹ́tẹ́ 10,000 dọ́là. Wọ́n ní oòrùn yóò rọ̀, àti pé ọdún 2012 sí 2017 yóò tutù ju 1998 sí 2003 lọ. Oòrùn rọ̀ lóòótọ́: yíyí tí ó dé góńgó ní 2014 ni ó rẹlẹ̀ jù láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Síbẹ̀ ayé gbóná sí i, tẹ́tẹ́ náà sì jẹ́ ti Annan. Ní òpin 2019, oòrùn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọdún 2020 tí ó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 2016 dọ́gba gẹ́gẹ́ bí ọdún tí ó gbóná jù lọ títí di ìgbà náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ta ni ó ń jèrè?

Àwọn kan ti mọ̀ tipẹ́. Ní 2023, Geoffrey Supran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àsọtẹ́lẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ epo Exxon ṣe láàrin 1977 àti 2003 bá ohun tí ó padà ṣẹlẹ̀ mu. Ní gbangba, ilé iṣẹ́ kan náà ń da iyèméjì sí ọ̀rọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ wo ni kò mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, tí ìwé inú àpótí rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Bí oòrùn bá jẹ̀bi, kò sí ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́. Omíyalé tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2022 pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ, ó sì lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ní ọdún kan náà, ní Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì, àwọn orílẹ̀-èdè gbà láti dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ bá. Ta ni yóò san owó gbà-má-bínú lórí ohun tí oòrùn ṣe? Òṣìṣẹ́ tí ó bá di ẹ̀bi ru oòrùn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ ya.

Ẹ̀kọ́ Enugu

Àwọn ará wa tí ń ṣiṣẹ́ epo yóò béèrè pé: iṣẹ́ wa ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ rántí Enugu, níbi tí ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn ti yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949. Nígbà náà, èédú wọn ni ó ń wa ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n rí epo ní Oloibiri ní 1956, ọkọ̀ ojú irin yí padà sí dísù, iṣẹ́ èédú sì kú díẹ̀díẹ̀. Ọjà ni ó yí padà. Kò sì dúró de awakùsà.

Ọjà epo náà yóò yí padà. Ìjọba Nàìjíríà ti ṣèlérí ní Glasgow ní 2021 pé títí 2060, orílẹ̀-èdè yìí kò ní í dá kún ẹrù kábọ́ọ̀nù ayé mọ́. Àdéhùn Paris ti 2015 sì dárúkọ àyípadà tí ó bá òdodo mu fún àwọn òṣìṣẹ́. Àwa ni kí a béèrè fún un báyìí, nígbà tí epo ṣì ń mówó wọlé: ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tuntun, owó ìfẹ̀yìntì tí ó dájú, àti àga òṣìṣẹ́ nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ètò náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ooru. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé sọ ní 2024 pé òṣìṣẹ́ tí ó ju bílíọ̀nù 2.4 lọ ni ooru àpọ̀jù ń bá lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọọdún. Omi mímu, ibòji àti àkókò ìsinmi yẹ kí ó wà nínú gbogbo àdéhùn tí a bá bá agbanisíṣẹ́ ṣe.

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbé ìbéèrè mẹ́ta yẹ̀ wò ní ìpàdé rẹ̀: Kí ni ooru ń ṣe sí wa lẹ́nu iṣẹ́? Kí ni àdéhùn wa sọ nípa rẹ̀? Bí epo tí ẹ̀rọ wa ń lò bá yí padà lọ́la, kí ni a ti kọ sílẹ̀ lónìí tí yóò gbà wá? Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí a tètè ṣíwájú rẹ̀.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.