Ẹ Wádìí Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí owó díẹ̀ bá bọ́ sí ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa, ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà máa ń fún un ni pé kí ó lọ ra ilẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ni. Ẹni tí ó fẹ́ fi ilẹ̀ àti ilé ṣòwò kò gbọdọ̀ kó gbogbo owó rẹ̀ lé iye tí onílẹ̀ pè. Kí ó yọ owó ìwádìí sọ́tọ̀ ná, kí ó tó dá alágbàtà kankan lóhùn.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọwọ́ méjì ni ó di ilẹ̀ mú ní Nàìjíríà. Èkíní ni ẹbí. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù dá Olóyè Amodu Tijani láre lórí ilẹ̀ Àpápá, wọ́n sì gbà pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ wọn. Èkejì ni Gómìnà, ẹni tí òfin 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ sí ní ìkáwọ́, láti Ṣókótó títí dé Kàlàbá.

Ní ti ẹbí, ìdájọ́ 1959 kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: bí àwọn àgbà ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí, òfo ni, bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ṣe, wọ́n lè mú kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Nítorí náà, ọmọkùnrin tí ó fi alùpùpù gbé yín lọ wo ilẹ̀, tí ó ní bàbá òun ni ó ni gbogbo àdúgbò, kì í ṣe ẹni tí à ń kówó lé lọ́wọ́. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà jùmọ̀ fọwọ́ sí ìwé níwájú lọ́yà tiyín, kì í ṣe lọ́yà tiwọn. Rìsíìtì nìkan kò tó.

Ní ti Gómìnà, ní 1989, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé asán ni ìwé tí báńkì kan fi gba ilé oníbàárà rẹ̀ ní ìdúró, nítorí pé wọn kò gba àṣẹ Gómìnà sí i. Báńkì ni o, tí lọ́yà kò wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀! Mélòómélòó wá ni tíṣà tàbí ìyá aláṣọ?

Kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ mú àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, kí ẹ mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Ẹ sì lọ wò ó nígbà òjò. Ilẹ̀ tí ó gbẹ ní oṣù kìíní lè di adágún ní oṣù keje.

Ní tèmi, iyàrá méjì tí ìwé rẹ̀ pé, tí ayálégbé ń san owó rẹ̀, sàn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ju ilẹ̀ mẹ́ta nínú igbó lọ. Ilẹ̀ òfìfo kì í san owó. Owó ìṣọ́ àti owó ìro ni ó ń béèrè.

Síbẹ̀, ẹ̀bi kì í ṣe ti olùrà nìkan. Owó àti ìdádúró tí ó wà nínú gbígba àṣẹ Gómìnà ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ìwé wọn sínú àpótí. Ìjọba Èkó ṣe òfin ní 2016 láti fi àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀ sẹ́wọ̀n, a sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kò lè fi ẹni tí ó ni ilẹ̀ han olùrà. Kí ìpínlẹ̀ gbogbo gbé ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ wá sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó bá san owó kékeré lè rí i lọ́jọ́ kan náà, orúkọ ta ni ó wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ní kí ó wá rà.