Kò Yẹ Kí A Dí Ọ̀dọ́ Lọ́wọ́ Láti Bá Ẹgbẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ Ọ̀nà Jíjìn

Bí a bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ gígùn lọ sí ọ̀nà jíjìn létí ọ̀pọ̀ òbí, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Lójú wọn, ẹni tí ó ní owó ọkọ̀ lápò, tí ó tún ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ láti ìlú kan dé òmíràn, ikú ni ó ń wá kiri. N kò bá wọn jà, nítorí ìfẹ́ ọmọ ni ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé bí a bá rí ẹgbẹ́ tí ó létò, tí ó ní olórí, tí ó sì ní òfin tí ó ń tẹ̀ lé, kò yẹ kí á dí ọ̀dọ́ tí ó ti múra sílẹ̀ lọ́wọ́ láti bá wọn lọ. N óò sọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀, n óò sì yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò fara mọ́ ọn wò.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á mọ irú ìrìn-àjò tí à ń sọ. Ìrìn-àjò ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí eré ìje. Nínú eré ìje, olúkúlùkù ń wá bí yóò ṣe fi ẹnìkejì sílẹ̀ sẹ́yìn. Nínú ìrìn-àjò ẹgbẹ́, a ti yan ọ̀nà tí a óò gbà, a ti mọ ibi tí a óò ti jẹun, a sì ti dá àkókò tí ó tó fún ẹni tí kò lè sáré. Ohun tí à ń lé ni pé kí gbogbo ẹni tí ó gbéra láàárọ̀ gúnlẹ̀ ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilẹ̀ Faransé ṣe àpẹẹrẹ. Ìrìn-àjò kan wà níbẹ̀ láti ìhà Paris lọ sí Brest ní etí òkun, àti àbọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,200 kìlómítà. Ní ọdún 1891 ni ìwé ìròyìn Le Petit Journal gbé e kalẹ̀, eré ìje gidi sì ni nígbà náà. Charles Terront, tí ó gba ipò kìíní, lo nǹkan bí wákàtí 71. Láti ọdún 1951 ni eré ìje àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun ti kásẹ̀ ńlẹ̀ lójú ọ̀nà yìí. Èyí tí ó kù ni ti àwọn ènìyàn lásán bí èmi àti ẹ̀yin, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni du ipò. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe é, àkókò tí ó gùn jù tí wọ́n sì fún ènìyàn láti parí rẹ̀ jẹ́ wákàtí 90. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn tí ó gbéra lé ní 6,000.

Ẹ má ṣe rò pé ẹnikẹ́ni kàn lè jí lówùúrọ̀ kí ó lọ bá wọn. Ẹni tí yóò lọ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ parí ìrìn-àjò 200 kìlómítà, 300, 400 àti 600, láàárín ọdún kan náà. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ju láti Ìbàdàn dé Èkó lọ, wákàtí 13 àtààbọ̀ ni wọ́n sì fún ènìyàn láti parí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iná níwájú àti lẹ́yìn, òun náà sì gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tí ń tàn yanran bí iná ọkọ̀ bá kàn án lóru. Ó ní káàdì kan lọ́wọ́ tí a ń lu òǹtẹ̀ sí ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ẹnìkan kò bá dé ibùdó, àwọn alábòójútó lè mọ ibi tí a ti rí i kẹ́yìn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ọ̀dọ́ tí ó bá ti mọ̀ pé a kì í ti 20 kìlómítà fò sí 600 yóò tètè mọ̀ pé a kì í ti orí eré bọ́ sínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Àǹfààní kejì ni ti ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá tí ó tóbi jù fún agunkẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń la afẹ́fẹ́ náà. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e tímọ́tímọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ pamọ́, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba iwájú fún ara wọn. Bákan náà, ẹni tí ó bá rí kòtò níwájú gbọ́dọ̀ nawọ́ sí i tàbí kí ó kígbe, nítorí pé ẹni ẹ̀yìn kò rí i. Bí ó bá dákẹ́, ẹni mẹ́ta mẹ́rin ni yóò wó lu ara wọn. Ọ̀dọ́ tí ó bá ṣe èyí fún ọjọ́ kan péré yóò mọ ìtumọ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ju ẹni tí a fi odidi ọdún kan wàásù rẹ̀ fún lọ.

Àǹfààní kẹta ni pé ó ń jẹ́ kí á mọ ilẹ̀ àti ènìyàn. Àìrìnjìnnà ni kò jẹ́ kí á rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní ọdún 1973, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, akọ̀ròyìn méjì, John Karras àti Donald Kaul, pe àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn wọn pé kí wọ́n wá bá àwọn gun kẹ̀kẹ́ la ìpínlẹ̀ náà já. Nǹkan bí 300 ènìyàn ni ó gbéra. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá àgbẹ̀ kan, Clarence Pickard, ẹni ọdún 83, tí ó gun kẹ̀kẹ́ obìnrin, tí ó sì dé òpin ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é, oṣù Keje ni wọ́n sì máa ń ṣe é báyìí. Ọdún 2020 tí àrùn kòrónà gbòde ni wọn kò lè ṣe é. Wọ́n a ki táyà ẹ̀yìn bọ odò Missouri kí wọ́n tó gbéra, wọ́n a sì ki táyà iwájú bọ odò Mississippi ní ọjọ́ keje. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìlú tí ó bá wà lójú ọ̀nà ni wọ́n ń sùn. Àwọn ará ìlú àti àwọn ìjọ a máa se oúnjẹ tà fún wọn, owó a sì wọ ibi tí àlejò kì í sábà yà.

Wàyí o, àwọn tí kò fara mọ́ èrò yìí ní ohun mẹ́ta tí wọ́n ń sọ. Èkínní ni pé ọ̀nà wa kò ní ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, àti pé awakọ̀ trélà kì í ka ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ sí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wúwo jù, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọmọ tí kẹ̀kẹ́ wù yóò gun kẹ̀kẹ́. Bí kò bá gùn ún lójú wa, yóò gùn ún lẹ́yìn wa, òun nìkan, láìní akoto lórí, láìní iná. Awakọ̀ tí kò rí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo lè rí ogún tí wọ́n wọ aṣọ títàn, tí ọkọ̀ kan sì ń tẹ̀ lé lẹ́yìn. Mo gbà pé kí ẹgbẹ́ yàgò fún òpópónà márosẹ̀, kí wọ́n gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí wọ́n sì gúnlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà tí ó dára, kí wọ́n má lọ. Olórí tí kò lè sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé "a kò lọ mọ́ lónìí" kò yẹ ní olórí.

Èkejì, wọ́n ní ó lè rẹ ọmọ lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni. Bí ènìyàn bá gun kẹ̀kẹ́ kíkankíkan fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹun, oúnjẹ tí ara ti fi pamọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tán, ẹsẹ̀ yóò wúwo, ojú yóò sì máa ṣú. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí á máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí búrẹ́dì díẹ̀ díẹ̀, kí á sì máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wá. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá tán pátápátá, inú ọkọ̀ tí ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ ni àyè rẹ̀ wà, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí òbí má ṣe fi ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó ń gba àkókò ẹ̀kọ́. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ kò ní ohun tí ó ń ṣe lórí kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ títí di alẹ́. Ìwé ni kí ó lọ kà. Ṣùgbọ́n ìsinmi ilé-ìwé wà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń fi gbogbo rẹ̀ jókòó sójú kan. Ara tí a kì í lò a máa di ọ̀lẹ, ọpọlọ a sì máa bá a tòògbé.

Ní ìparí, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí òbí má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí "rárá". Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ń ṣe olórí, ọ̀nà tí wọn yóò gbà, àti bí wọn yóò ṣe tọ́jú ẹni tí ó bá kẹ́yìn. Kí ọ̀dọ́ náà yẹ bíréèkì àti táyà rẹ̀ wò, kí ó mú pọ́ǹpù àti túùbù dání, kí ó sì jẹ́wọ́ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ìdáhùn bá tẹ́ òbí lọ́rùn, tí ọmọ sì ti múra, kí á gbàdúrà fún un, kí á sì jẹ́ kí ó máa lọ.