Ǹjẹ́ Ìbàjẹ́ Ni Kí A Kun Ọkọ̀ Àwòṣe Tuntun Bí Èyí Tí Ó Ti Gbó?

Nígbà tí a pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Ìlọrin, ọkọ̀ ojú sánmà méjì ni ó wà lórí tábìlì kan náà, irú èyí tí a máa ń rí nínú sinimá àti nínú ìwé ìtàn àròsọ nípa àwọn tí ń rin ìrìn àjò láàárín ìràwọ̀. Ike ni a fi ṣe àwọn méjèèjì. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n wà nínú páálí nígbà tí a rà wọ́n. Àwọn ọmọ ni ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì kùn wọ́n ní ọ̀dà. Ọ̀kan funfun báláú, ó ń dán bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Èkejì, tí í ṣe ti àbúrò mi, ní àmì iná dúdú nídìí, ọ̀dà ti bó lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, eruku pupa sì bo ẹsẹ̀ tí ó fi ń balẹ̀. Olùkọ́ tí ń fún wọn ní máàkì fi ti funfun ṣe ìkíní. Wọ́n ní iṣẹ́ àbúrò mi dára, ṣùgbọ́n ó dọ̀tí. Nígbà tí ọmọ náà délé, bàbá wa tún bi í pé kí ló dé tí ó fi ba ohun tí àwọn fi owó rà jẹ́.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn kò yàtọ̀ sí ti bàbá wa. Wọ́n gbà pé ohun tuntun ni ó yẹ kí ó máa dán, àti pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ tuntun di ògbólógbòó kò mọ iyì owó. N kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí pé òkè òkun ni irú páálí bẹ́ẹ̀ ti máa ń wá, owó rẹ̀ kò sì kéré. Síbẹ̀, ní tèmi o, ìdọ̀tí tí a fi ọgbọ́n kùn sí ara ọkọ̀ àwòṣe kì í ṣe ìbàjẹ́. Òun gan-an ni apá iṣẹ́ náà tí ó gba ìrònú jù lọ, olùkọ́ tí kò bá sì fún un ní máàkì ti fi èyí tí ó ṣòro sílẹ̀, ó mú èyí tí ó rọrùn.

Ṣàngó tí à ń gbé wà lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Jẹ́bà. Tọ̀sán-tòru ni lọ́rì àti tírélà ń ti òkè Ọya bọ̀, tí wọ́n ń gba Bódè Sáádù wọ ìlú. Ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà náà ní ìgbà ọyẹ́, tí ó sì la ojú rẹ̀ dáadáa, yóò rí i pé ìdọ̀tí ara ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí ó kàn ṣèèṣì wà níbẹ̀. Eruku a máa pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ju iwájú lọ, nítorí pé ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń yí i po. Gíláàsì iwájú a dọ̀tí, ṣùgbọ́n ibi tí wáípà ń gbá yóò mọ́ bí ìlàjì òṣùpá. Ọ̀dà a máa bó níbi tí ọwọ́ awakọ̀ ń dì mú lójoojúmọ́ láti ṣí ìlẹ̀kùn. Ẹnu táǹkì a máa ṣú, nítorí pé dísù tí ó dà sílẹ̀ ti gba eruku mọ́ra. Bí ẹ bá fi lọ́rì kan han ògbólógbòó mẹkáníìkì, yóò sọ ibi tí ó ti ń bọ̀, ohun tí ó rù, àti bí ẹni tí ó ni ín ṣe ń tọ́jú rẹ̀, láì tíì bá awakọ̀ sọ̀rọ̀.

Irú ìwé báyìí ni àbúrò mi ń gbìyànjú láti kọ sí ara ọkọ̀ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ kọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí ó kọ́kọ́ kùn ún, ó fa ìlà ìpẹtà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí i lára àwọn tírélà. Mo bi í léèrè pé níbo ni òjò ti pa ọkọ̀ ojú sánmà. Ó dákẹ́. Ìpẹtà kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí omi àti afẹ́fẹ́, kò sì sí ọ̀kankan nínú méjèèjì ní òfúrufú tí ó jìnnà sí ayé. Kódà kò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ níbẹ̀ tí nǹkan yóò máa ṣàn sí. Ọmọ náà fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta ronú ohun tí ó lè dọ̀tí ọkọ̀ ní ibi tí òjò kì í ti í rọ̀. Ó wá fi àmì iná sí ìdí ẹ́ńjìnnì. Ó fi ihò wínníwínní sí iwájú, níbi tí àwọn òkúta kéékèèké tí ń fò kiri lófúrufú ti bà á. Eruku kò sí níbòmíràn àfi ní ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń kan ilẹ̀. Mo bi yín, ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ìbàjẹ́ ni ẹ lè pe èyí?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọkọ̀ ojú sánmà tòótọ́ kì í dọ̀tí, kí ó wo àwọn tí ó ti lọ tí wọ́n sì bọ̀. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kékeré tí ó gbé àwọn ọkùnrin mẹ́ta ti Apollo 11 padà sí ayé ní oṣù keje ọdún 1969 jóná gírígírí nígbà tí ó ń gba inú afẹ́fẹ́ ayé wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington di òní. Ọkọ̀ Discovery fò lọ ní ìgbà mọ́kàndínlógójì. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 2012, wọn kò kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Wọ́n fi àmì ìrìn àjò rẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rí i. Àwọn tí ó ni ohun gidi kò tijú ìdọ̀tí rẹ̀. Àwa tí a ní àwòṣe ni ojú ń tì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà alára ní ìtàn. Nígbà tí ọkọ̀ Columbia kọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1981, funfun ni wọ́n kun táǹkì ńlá tí ó gbé epo rẹ̀. Wọ́n tún kun ti ìgbà kejì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà náà wúwo tó nǹkan bí 270 kílò, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe iṣẹ́ tí ó tó ìwúwo rẹ̀. Láti ìgbà kẹta, ní oṣù kẹta ọdún 1982, wọn kò kùn ún mọ́. Àwọ̀ pupa bí ọsàn tí ó ti pọ́n ni ayé fi mọ̀ ọ́n títí dé òpin. Ọmọ tí ó bá kun táǹkì àwòṣe rẹ̀ ní funfun nítorí pé funfun ń dán, tí ó sì ní ọkọ̀ ọdún 1990 ni òun ṣe, ó ti ṣì í, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó.

Àní eruku ilẹ̀ wa yìí gan-an kò ṣàjèjì sí àwọn arìnrìn-àjò òfúrufú. Ní ọdún 1962, nígbà tí John Glenn yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlú Kánò wà lára àwọn ibi tí Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ sí láti máa bá a sọ̀rọ̀. Oṣù kejì ni, ìgbà ọyẹ́. Bí ó ti ń kọjá lókè, ó ní òun ń rí ìjì eruku nísàlẹ̀, àwọn tí ó wà ní Kánò sì dá a lóhùn pé eruku ti pọ̀ níbẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn kan tún ń ṣàtakò sí títún ọkọ̀ àwòṣe ṣe. Wọ́n ní bí àwòrán inú páálí ti rí ni kí ọmọ tò ó, kí ó má fi nǹkan mìíràn kún un. Èyí yà mí lẹ́nu púpọ̀, nítorí pé àwa tí a dàgbà ní ilẹ̀ yìí ni a fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò, tí a fi ìdérí ìgò tàbí sílípáàsì tí ó ti já ṣe táyà, tí a so okùn mọ́ ọn tí a ń fà á kiri àdúgbò. Ta ni ó fún wa ní àwòrán? Ọ̀nà kan náà ni àwọn tí ó ṣe àwọn ọkọ̀ inú sinimá Star Wars ní ọdún 1977 gbà. Wọ́n ra àwọn páálí àwòṣe ọkọ̀ ogun, bàálù àti ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tú wọn, wọ́n sì lẹ wẹ́wẹ́ wọn mọ́ ara àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe, títí ojú fi gbà pé ẹ́ńjìnnì àti páìpù gidi ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n kùn wọ́n kí wọ́n lè dọ̀tí. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn, Millennium Falcon, ọkọ̀ onífàyàwọ́ ni. Ta ni ó rí ọkọ̀ fàyàwọ́ tí ń dán rí?

N kò sọ pé gbogbo ọkọ̀ ni kí a dọ̀tí o. Nínú sinimá 2001: A Space Odyssey, tí ó jáde ní ọdún 1968, funfun ni ọkọ̀ ńlá tí ó ń lọ sí Júpítà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìjọba ni ó ni ín, kò sì ba sórí ilẹ̀ kankan rí. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n kàn ń da dúdú sórí gbogbo nǹkan. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn da ata sí ọbẹ̀ títí ẹnu kò fi ní mọ adùn ẹran mọ́.

Àwọn mìíràn ní ìdọ̀tí ni ọmọ fi ń bo iṣẹ́ tí kò dára mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé òdìkejì rẹ̀ ni. Ọmọ a po ọ̀dà dúdú díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀ àti ẹ̀kán ọṣẹ kan, títí yóò fi ṣàn bí omi tíì, yóò sì fi í pa ara ọkọ̀. Gbogbo kòtò àti ojú ìsopọ̀ ni omi yìí ń wọ̀. Ibi tí gọ́ọ̀mù kò bá ti mú dáadáa, tàbí tí a kò fi sáńpépà yọ́ tó, yóò yọ síta kedere bí ìlà tírò. Bí ó bá sì fẹ́ kí ọ̀dà dàbí èyí tí ó bó, yóò kọ́kọ́ kùn ún ní àwọ̀ fàdákà, yóò fi omi tọ́ ọ lára níbi tí ó wù ú, yóò wọ́n hóró iyọ̀ sí i. Nígbà tí omi bá gbẹ, yóò kun ọ̀dà òkè lé e. Nígbà tí ìyẹn náà bá gbẹ, yóò fi ìka ha iyọ̀ kúrò. Ibi tí iyọ̀ wà ni fàdákà yóò ti yọjú. Èédú tí a lọ̀ kúnná dára fún àmì ẹ̀fín. Ohun kan ṣoṣo tí mo kìlọ̀ fún ni tíńnà tí àwọn tí ń kun mọ́tò ń lò: ó ń yọ́ ike, òórùn rẹ̀ kò sì dára fún ọmọdé. Ìyẹ́ ọkọ̀ kan ni àbúrò mi fi kọ́ ọgbọ́n yìí.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń fún wọn ní máàkì, ìbéèrè kan ni n ó bi ọmọ kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀: níbo ni ọkọ̀ rẹ ti ń bọ̀? Bí ọmọ tí ó ni ti funfun bá ní ọkọ̀ òun kò tíì gbéra rí, ó gba máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a bi èkejì pẹ̀lú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bi àbúrò mi lójú bàbá wa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹ́ńjìnnì, ó dé iwájú, ó dé ẹsẹ̀, ó sọ ìdí tí ọ̀dà fi bó lẹ́nu ọ̀nà tí kò sì bó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá wa gbé ọkọ̀ náà sún mọ́ iná, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n ní níbo ni ó ti rí eruku tí ó pupa tó báyìí. Ó ní ẹ̀yìn ilé ni, òun fi asẹ́ ògì Màmá jọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ asẹ́ yẹn ni wọ́n wá ń bínú sí; wọn kò tún mẹ́nu ba owó ọkọ̀ mọ́.