Ìbọn Fífúyẹ́ àti Ọwọ́ Tí Ó Ń Yìn Ín

Ní 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ni láti gbé ìbọn ìléwọ́ jáde láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rèé, ọgbọ́n ńkọ́?

Ẹ wo rifọ́fà kékeré tí ilé iṣẹ́ Smith & Wesson pè ní 340PD. Ọta márùn-ún ni ó ń gbà. Alumíníọ́mù tí a po skándíọ́mù mọ́ ni ara rẹ̀, kò sì wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 340 lọ. Ẹni tí ó fi í sápò ṣòkòtò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìnira tí irin kò rù mọ́, ta ni yóò rù ú? Ọwọ́ ni. Ọta .357 Magnum jáde ní 1935 fún rifọ́fà ńlá tí ó wúwo ju kílò kan lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ kò ṣàìmọ òfin Newton: bí ọta ti ń lọ síwájú ni ìbọn ń ta sẹ́yìn, èyí tí ó fúyẹ́ ni ó sì ń yára ta jù. Àtẹ́lẹwọ́ a máa ro ẹni tí ó yìn ín gidigidi. Àní, ìtasẹ́yìn náà lè fa orí àwọn ọta tí ó kù yọ síwájú, títí ilé ọta yóò fi há, tí kò ní yí mọ́.

Ẹni tí ìbọn ń dùn lọ́wọ́ kì í fẹ́ fi í kọ́ṣẹ́. Bí kò bá sì kọ́ṣẹ́, aláìṣẹ̀ tí ń kọjá lọ ni ọta rẹ̀ lè bá. Lójú tèmi, kí ó máa fi ọta .38 Special sínú rẹ̀. Ìbọn kan náà ń gbà á, kò sì le tó bẹ́ẹ̀. Bí èyí náà bá ṣòro fún un láti yìn déédéé, kí ó fi ìbọn sílé.