Ìbẹ̀rẹ̀ Ni Ó Gba Ayò

Ayò ọlọ́pọ́n nìkan kọ́ ni a fi ń mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí òpè. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì náà rí bẹ́ẹ̀. Lórí ọpọ́n rẹ̀, tí ó ní ojú 64, ogun méjì ni ó ń dojú kọ ara wọn. Ẹni tí ó bá há Ọba ọ̀tá rẹ̀ mọ́, tí kò fi rí ọ̀nà sá, ni ó borí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1956, ní ìlú New York, ọmọdékùnrin ọlọ́dún 13 kan, Bobby Fischer, bá Donald Byrne, ọ̀ta ẹni ọdún 26, pàdé nínú ìdíje kan. Ní ìgbésẹ̀ kẹtàdínlógún, ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ fi Ayaba rẹ̀, akọni inú ogun, sílẹ̀ kí ọ̀tá jẹ ẹ́. Byrne jẹ ẹ́. Bobby sì fi èyí rí ilé-ìṣọ́ kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì àti ọmọ-ogun kan gbà. Ní ìgbésẹ̀ kọkànlélógójì, Ọba Byrne há. Títí di òní, Ayaba tí ó fi tọrẹ yìí ni àwọn ènìyàn fi ń yìn ín.

Ní tèmi, ìyìn náà kò bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin, Bobby ti gbé Ọba rẹ̀ kúrò láàrin, ó fi í pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé-ìṣọ́ rẹ̀ kan sì tipa bẹ́ẹ̀ jáde láti igun rẹ̀. Kí ni Byrne ń ṣe? Nínú ìgbésẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó gbé Ayaba rẹ̀ káàkiri. Ó gbé bíṣọ́ọ̀bù kan lẹ́ẹ̀mejì, èkejì kò tí ì kúrò nílé. Ọba rẹ̀ wà láàrin gbùngbùn láìní ibi ìsádi. Nígbà tí ọ̀nà àárín ṣí, ilé-ìṣọ́ Bobby yẹn gan-an ni ó bọ́ sójú ọ̀nà ní ìgbésẹ̀ kẹrìndínlógún, tí ó lé Ọba Byrne kúrò ní ipò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó tó fi Ayaba sílẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀pọ̀ ni ó ń tètè fi Ọba pamọ́ tí wọn kì í sì í borí. Òtítọ́ ni. Ìbẹ̀rẹ̀ rere kò lè fún wa ní ọgbọ́n tí a kò ní. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń fún ọgbọ́n tí a ní láàyè láti ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ń dán ni ó máa ń kọ́kọ́ wù wá. A fẹ́ ṣe ìṣirò líle nígbà tí a kò tí ì mọ ìsọdipúpọ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún. Nínú rẹ̀ ni agbára ọjọ́ ìkẹyìn wà.